Èémí Òrùlé: Bí Ilé Ṣe Lè Mí Lókè Kí Òjò Má Sì Wọ̀ Ọ́

Ihò afẹ́fẹ́ òrùlé ni àyè tí kápẹ́ńtà tàbí bíríkìlà dá sí etí òrùlé, sí ògiri onígun mẹ́ta tó wà ní ìpẹ̀kun ilé, tàbí sí téńté òrùlé gan-an, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá láàárín síìlìn àti páànù. Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ihò yìí, iṣẹ́ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ta ko ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ tú ooru àti ọ̀rinrin inú ilé síta, kò sì gbọ́dọ̀ gba omi ìta láyè kó wọlé. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, sínóò ni onílé ń bá jà níbẹ̀. Ní Ìfàkì-Èkìtì, òjò tí ìjì ń gbé wá ni. Àmọ́ níbi méjèèjì, ìbẹ̀rù omi ìta ló ń mú kí ọ̀pọ̀ onílé dí ihò náà pa, omi tí wọ́n ń sá fún a sì wá máa ti inú ilé fúnra rẹ̀ wá.

Ìfàkì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sí, níbi tí ọ̀nà tó ti Adó-Èkìtì bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan forí lé Ìdó àti Ọ̀tùn, èkejì forí lé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ilẹ̀ òkè ni gbogbo agbègbè náà. Òjò ibẹ̀ sábà máa ń ju 1,200 mílímítà lọ lọ́dún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún padà wá pẹ̀lú agbára títí di oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé láti àríwá ìlà-oòrùn, pẹ̀lú eruku rẹ̀, ọ̀sán gbígbóná rẹ̀ àti òru tútù rẹ̀. Òrùlé tí yóò pẹ́ ní irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gba ìjì, ìkùukùu, oòrùn àti ọyẹ́ lọ́dún kan ṣoṣo.

Àwọn baba ńlá ará Èkìtì kò ní ìṣòro ihò òrùlé, nítorí gbogbo òrùlé wọn ló ń mí. Ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń fi bo ilé ní ilẹ̀ igbó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń fi koríko bẹẹrẹ bo tiwọn ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Òrùlé náà máa ń ga, ó máa ń dagun dáadáa, kí omi lè yára ṣàn kúrò lórí ewé kó tó ráyè jò wọ inú. Etí rẹ̀ a tún yọ jìnnà sí ògiri, nítorí ògiri amọ̀ kò fẹ́ kí òjò máa nà án. Èéfín iná ìdáná máa ń gba àárín ewé jáde. Bó ti ń jáde ló ń gbẹ ewé náà, tó sì ń lé kòkòrò kúrò nínú rẹ̀. Ilé tí iná kò bá jó nínú rẹ̀ mọ́ kì í pẹ́ kí òrùlé rẹ̀ tó jẹrà. Ìmọ̀ pàtàkì ló wà nínú èyí: ohun tó ń jáde láti inú ilé ló ń pa òrùlé mọ́, bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá ti dí.

Páànù ló yí ọ̀ràn padà. Ní London ni Henry Robinson Palmer ti gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí páànù onígbì ní 1829. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí bí a ti ń fi síńkì bo irin kí ó má baà dógùn-ún. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, páànù ti ń ti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó yá, ó di àmì ọlá, ó sì gba ilé lọ́wọ́ iná, nítorí iná kan ṣoṣo lè jẹ odidi agbo ilé oníkoríko run. Ẹnikẹ́ni kò lè bá àwọn tó yan páànù wí. Ṣùgbọ́n páànù kì í mí. Omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá, yálà láti òkè wá sísàlẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Láti ọjọ́ tí páànù ti gorí ilé ni ó ti di dandan kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀nà tí èémí ilé yóò gbà jáde. Nígbà tí síìlìn sì wá dé sábẹ́ páànù, ọ̀nà náà kúrò lójú ẹni tó ń gbé inú ilé, ó sì rọrùn láti gbàgbé.

Omi méjì ló ń dé òkè àjà. Omi kìíní ni òjò tí afẹ́fẹ́ ń tì wọlé. Òjò tó bá rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kì í wọ ihò òrùlé tí a ṣe dáadáa, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi máa ń lọ. Ìjì ló ń yí i lọ́nà padà. Ìjì ńlá ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, máa ń ti ìlà-oòrùn wá lọ sí ìwọ̀-oòrùn káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbàlagbà Èkìtì mọ̀ ọ́n láìsí ìwé: bí ìlà-oòrùn bá ti ṣú dúdú lọ́sàn-án, wọ́n á ní kí ọmọdé lọ kó aṣọ. Afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ dé, òjò a tẹ̀ lé e, omi a sì máa fò lọ ní ìbú. Bó bá lu ògiri, yóò gun ògiri náà lọ sókè, yóò sì wọ àwọn ihò róbótó tí ìgbì páànù fi sílẹ̀ lórí pákó etí òrùlé. Òjò àárín ọdún yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà wá, ó rọlẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́, ó sì ń mú kí ògiri ẹ̀gbẹ́ náà tutù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ihò tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló máa ń jìyà ìjì, èyí tó sì kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló máa ń jìyà ọ̀rinrin.

Omi kejì kò ní ariwo. Inú afẹ́fẹ́ ni ó wà, ojú kò sì rí i. Afẹ́fẹ́ tó móoru lè gbé omi ju èyí tó tutù lọ: mítà oníhà mẹ́ta kan tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lè gbé nǹkan bí gíráàmù 30, ṣùgbọ́n bó bá tutù dé 20, kò lè gbé ju nǹkan bí 17 lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ di omi, ibi tó bá sì tutù jù lọ ni yóò ti dì. Lálẹ́ tí òfuurufú bá mọ́, páànù a máa tú ooru rẹ̀ sí ojú ọ̀run títí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìdí nìyí tí ìrì fi ń sẹ̀ sórí rẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé ìrì lè sẹ̀ sí abẹ́ páànù náà pẹ̀lú. Ìdílé ẹni mẹ́rin tó ń sè, tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ, tó ń sá aṣọ sínú ilé, tó sì ń mí, lè tú nǹkan bí lítà 10 omi sínú afẹ́fẹ́ ilé lójúmọ́. Bí ilé ìdáná kò bá ní ihò tó lọ tààrà síta, tí síìlìn sì lajú níbi gílóòbù àti ìkọ́ fáànù, òkè àjà ni púpọ̀ nínú omi yìí ń lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti pàdé páànù tútù, tí yóò sì dì.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ihò, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ omi tó ń bá a jà, àkókò tí omi ń kán ló sì máa ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà ìjì láti ìlà-oòrùn nìkan ni síìlìn ń tutù, tí òjò wọ́ọ́rọ́wọ́ kò sì ṣe é ní nǹkan kan, ihò afẹ́fẹ́ ni omi gbà wọlé. Bó bá jẹ́ pé gbogbo òjò ló ń jò, páànù tàbí ìṣó ni kí a wò: bóyá wọ́n kan ìṣó sí kòtò ìgbì dípò orí ìgbì, bóyá rọ́bà ìdí ìṣó ti gbó, bóyá páànù kò gun orí ara wọn tó. Bó bá sì jẹ́ pé àárọ̀ kùtùkùtù ni omi ń kán, lẹ́yìn òru tí òjò kò rọ̀, omi inú ilé ni. Àbàwọ́n pupa róbótó lójú kan sábà máa ń tọ́ka sí ìṣó. Àbàwọ́n tó tẹ̀ lé ìlà ògiri ìlà-oòrùn máa ń tọ́ka sí ìjì. Èyí tó fọ́n káàkiri, tí síìlìn sì ń bu, tí ó ní òórùn èébu, ìrì òkè àjà ni. Owó púpọ̀ ni a ti ná dànù ní Èkìtì nítorí pé a pààrọ̀ páànù tó dára, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni kò ríbi gbà jáde.

Òwe Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni fún ọ̀rọ̀ ẹbí àti àṣírí, ṣùgbọ́n ògiri òkè àjà gbọ́dọ̀ lanu. Bí onílé bá fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo rẹ̀ nítorí òjò tàbí nítorí àdán, ooru ọ̀sán yóò há sábẹ́ páànù, èyí tí oòrùn lè mú gbóná ju 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, yàrá yóò sì máa gbóná títí di ọ̀gànjọ́. Ọ̀rinrin yóò há pẹ̀lú rẹ̀. Igi òrùlé tó bá ń tutù ní gbogbo àárọ̀ ni ikán fẹ́ràn, ara irú igi bẹ́ẹ̀ sì ni olú ti ń hù. Ìṣó a dógùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ a dẹ̀ lára igi, ìjì ọdún kan a sì gbé páànù lọ. Àwọn ènìyàn a ní ìjì ló ba ilé náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ omi kékeré tí ẹnikẹ́ni kò rí ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtọ́jú tó péye bẹ̀rẹ̀ láti etí òrùlé. Kí etí náà yọ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méjì, kúrò lára ògiri, kí a sì fi pákó tàbí síìlìn bo abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ yìí ni ihò yẹ kó wà, kó kọjú sí ilẹ̀. Ìjì lè ti omi sí ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ó ṣòro fún un láti gbé e sókè gba ihò tó kọjú sílẹ̀. Àwọn ihò róbótó tó wà láàárín ìgbì páànù àti pákó etí òrùlé ni kí a dí, nítorí ojú tààrà ni wọ́n fi ń wo ìjì.

Ihò ara ògiri onígun mẹ́ta gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí ojú rẹ̀ là gbalaja dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń gba ìjì láìsí ìdènà. Pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bíi ti fèrèsé onígíláàsì ló dára jù: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dagun sílẹ̀ síta, kí ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ dáadáa débi pé ẹni tó dúró níta kò ní rí inú. Kí a fa ìlà kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ìpẹ̀kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi lè já bọ́ síta dípò kó yọ́ padà wọlé. Ní Ìfàkì àti agbègbè rẹ̀, ó sàn kí ihò ńlá wà ní ìwọ̀-oòrùn tàbí àríwá ilé. Bí ìdúró ilé bá sì fi dandan lé e pé kó wà ní ìlà-oòrùn, kí a ṣe é kékeré, kí a sì kan ìbòrí lé e lórí.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù ń wá rọ́pò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ihò ìsàlẹ̀ àti ti òkè gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí ti ìsàlẹ̀ tó ti òkè, tàbí kó jù ú lọ díẹ̀. Bí ti òkè bá pọ̀ tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tó, òkè àjà a máa fa afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti inú yàrá gba ojú síìlìn tó là. Ní ti ìwọ̀n, FHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró fún owó ilé, kọ ìdá kan nínú 300 ààyè síìlìn sínú ìlànà rẹ̀ ní 1942. Òfin ìkọ́lé ibẹ̀ lónìí ń lo ìdá kan nínú 150, ó sì ń gba ìdá kan nínú 300 láyè bí ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá wà déédéé. Kì í ṣe ojú ọjọ́ Èkìtì ni wọ́n fi ṣe ìlànà náà, àmọ́ ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, ní 120 mítà onígun mẹ́rin síìlìn. Ìdá kan nínú 300 rẹ̀ jẹ́ 0.4, ìdá kan nínú 150 sì jẹ́ 0.8. Ìwọ̀n àyè tó là ní tòótọ́ nìyí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí nẹ́ẹ̀tì àti pákó gbà.

Nẹ́ẹ̀tì kò ṣeé yọ sílẹ̀, nítorí àdán, eku, oyin àti ẹyẹ ń wá ibi gbígbẹ bí ènìyàn ti ń wá a. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àdán ń ba síìlìn àti páànù jẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó ń dín afẹ́fẹ́ kù gidigidi, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí i. Nẹ́ẹ̀tì wáyà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 6 ń dá àdán àti eku dúró, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ dáadáa. Inú ni kí a kàn án sí, lẹ́yìn pákó adagun. Bí àdán bá ti ń gbé òkè àjà tẹ́lẹ̀, kí a dúró títí wọn yóò fi jáde lọ jẹun nírọ̀lẹ́ kí a tó ti ihò, kí a sì má ṣe é nígbà tí ọmọ wọn wà nílé, kí wọ́n má baà kú síbẹ̀.

Òrùlé párápẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi ògiri bo etí rẹ̀ yíká, ti wọ́pọ̀ gan-an ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìfàkì, àgàgà láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i. Ó wu ojú, àmọ́ ó mú etí òrùlé kúrò, ó sì mú ihò abẹ́ etí kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Omi òjò ń lọ sínú gọ́tà tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Bí ewé bá dí gọ́tà náà, omi a kún, a sì yípadà sínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ párápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ fún bíríkìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó dá ihò sára ògiri náà, kí gọ́tà fẹ̀, kó sì ní ẹnu ìtújáde ju ẹyọ kan lọ. Yàrá kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn, tó ti ń dáná, tó sì ti ń sá aṣọ ni omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀ sí jù lọ. Ó dunni pé irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sábà máa ń kọ́ láìní ọ̀nà èémí. Ìlera ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Yàrá tó ní éàkọ́ńdíṣọ̀n nílò òfin mìíràn. Níbẹ̀, síìlìn ló ń tutù, kì í ṣe páànù. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ìgbà òjò tó bá gba ihò wọlé yóò dì sórí síìlìn náà láti òkè, onílé a sì rò pé òrùlé ló ń jò. Kí a tẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí òtútù kọjá sórí síìlìn yàrá náà, kí a sì dí gbogbo ojú tó là yíká gílóòbù àti wáyà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago, Minneapolis tàbí Winnipeg ń bá ìjà yìí kan náà jà lọ́nà mìíràn. Sínóò tí òtútù gbẹ máa ń fúyẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, ìjì sì lè gbé e gòkè gba ihò tí òjò kò lè gbà. Yóò balẹ̀ sórí òwú tí wọ́n tẹ́ sókè síìlìn, yóò sì yọ́ bí ojú ọjọ́ bá móoru. Ìdènà rẹ̀ ni ihò téńté òrùlé tí a kan irin adénà afẹ́fẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń mú kí ìjì fò gba orí ihò kọjá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó ń ti inú ilé gòkè máa ń di yìnyín sí orí ìṣó àti abẹ́ pákó òrùlé. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, yóò yọ́, omi yóò sì máa kán láìsí òjò. Ooru ilé tó ń sá lọ sókè tún máa ń yọ́ sínóò orí òrùlé, omi rẹ̀ a ṣàn dé etí tó tutù, a dì síbẹ̀, a sì dá omi ẹ̀yìn rẹ̀ dúró títí yóò fi wọ abẹ́ òrùlé. Ìtọ́jú wọn bá ti Èkìtì mu: kí a dí ojú síìlìn, kí a darí ooru omi ìdáná àti balùwẹ̀ síta tààrà, kí a sì jẹ́ kí ihò máa mí.

Àbójútó ọdọọdún kò gba owó púpọ̀. Ìparí oṣù Kejì ló dára jù, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìjì àkọ́kọ́ kò sì tíì dé. Kí kápẹ́ńtà gun òkè àjà pẹ̀lú iná lọ́wọ́, kó gbọn eruku kúrò lára nẹ́ẹ̀tì, kó wò ó bóyá eku ti já a, kó fọwọ́ kan igi òrùlé bóyá ó rọ̀, kó sì wo orí ìṣó bóyá ó ti dógùn-ún. Bí síìlìn ilé àtijọ́ bá jẹ́ ti asibẹ́sítọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ, má sì gbẹ́ ẹ, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn ìjì ńlá àkọ́kọ́, kí a tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i láti wo ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn.

Ìgbà tí ó rọrùn jù láti ṣe gbogbo èyí ni ìgbà tí ilé kò tíì ní síìlìn, tí kápẹ́ńtà, bíríkìlà àti onílé ṣì lè dúró pọ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ètò kan náà ni kí a tẹ̀ lé: kí a mọ omi tó ń dé, kí a dín ọ̀rinrin inú ilé kù, kí a dí ojú síìlìn tó là, kí a tún ihò ṣe kó kọjú sílẹ̀ kó sì ní ìbòrí, kí a kan nẹ́ẹ̀tì wáyà sí i, kí a sì máa gbọn ọ́n lọ́dọọdún. Dídí ihò pa kò sí nínú ètò náà rárá.